Ọ̀rọ̀ Tí Teruo Kò Fi Etí Ara Rẹ̀ Gbọ́

Nínú gbogbo akọ̀ròyìn tó ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Lékeléke ti ìlú Himeji ní Japan kiri ní ọdún 1962, Nagase Teruo nìkan ni kì í sáré. Bí ayò bá ti parí, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n lè tètè gbọ́ ohun tó fẹ́ jáde lẹ́nu kóòṣì, ẹ̀yìn ni òun máa ń dúró sí títí ariwo á fi lọlẹ̀. Nígbà náà ni á béèrè ìbéèrè kan péré. Ohun tí Mitsue kọ́kọ́ fẹ́ràn lára rẹ̀ nìyẹn. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé ẹni tí kì í sáré náà ló máa ń pẹ́ dé.

Mitsue ni ọmọ kan ṣoṣo tí Okabe bí, Okabe tó ń kọ́ àwọn ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ní gbogbo ọjọ́ tí Lékeléke bá ń gbá nílé, òun ló ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún bàbá rẹ̀ ní pápá, nítorí Okabe kì í jẹ oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ kò bá sè. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹrin, òjò ká a mọ́ ẹnu géètì. Ọkùnrin kan tí kóòtù rẹ̀ ti gbó ní ìgbọ̀nwọ́ na agboòrùn bò ó lórí.

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ọmọ Ọ̀gá Okabe, àbí?"

"Èmi ni. Ṣé ẹ fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ni?"

"Mi ò jẹ́ dán an wò. Tí mo bá kọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n Tokuda á ní òun ló kọ́kọ́ rí yín."

Mitsue rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tó ń lọ sí pápá ló mọ ọ̀rọ̀ Tokuda àti Nagase. Ìwé ìròyìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ fún, ilé iṣẹ́ méjèèjì sì kọjú síra ní títì kan náà. Tokuda fi ọdún mẹ́fà ju Teruo lọ. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, Teruo ló kọ́kọ́ gbé e jáde pé balógun ẹgbẹ́ fẹ́ kúrò, olóòtú Tokuda sì bú Tokuda lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Láti ìgbà náà, eyín lásán ni Tokuda fi ń rẹ́rìn-ín sí i. Síbẹ̀ wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀ ojú irin, bí ẹnì kan bá sì pẹ́ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnì kejì á sọ ohun tí kóòṣì wí fún un. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Etí ọ̀tá ẹni ni èèyàn ń yá lò.

Kí oṣù karùn-ún tó parí, Mitsue àti Teruo ti ń pàdé létí yàrà tó yí ilé olódi àtijọ́ ká. Teruo kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mitsue ló ń sọ, torí kò sẹ́ni tó tíì fetí sí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó sọ bí bàbá òun ṣe ń ti orí bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹja. Ó sọ bó ṣe ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń jẹun júwe bọ́ọ̀lù lórí tábìlì títí ọbẹ̀ á fi ta sára gbogbo wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sọ pé inú bí bàbá òun nídìí oúnjẹ sí Minobe, ajubọ́ọ̀lù ọmọ ogún ọdún tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo ìlú.

"Bàbá ní àyà èkúté ló wà nínú ọmọ yẹn. Màmá rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sílẹ̀."

Teruo náà rẹ́rìn-ín. "Àyà èkúté. Ọ̀gá Okabe mọ ọ̀rọ̀ sọ."

"Ẹ ò gbọdọ̀ kọ ọ́ o."

"Kí ni mo fẹ́ fi kọ ọ́?" Ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí i, òfìfo. Mitsue fi ìka kan kàn án láàárín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fara kan ara wọn nìyẹn, ó sì gbé ìka náà délé bí ẹni gbé ẹyin.

Ní oṣù keje, ìyá rẹ̀ gbé fọ́tò kan síwájú rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

"Ọmọ kejì oníṣẹ́ omi sóyà ní Tatsuno ni. Wò ó dáadáa. Ojú ẹni tí kò lè na ìyàwó nìyẹn."

"Màmá, mi ò tíì fẹ́."

"Ta lò ń dúró dè?"

Mitsue yí fọ́tò náà dojú bolẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbójú sókè. "Wọ́n ní wọ́n ń rí ọ létí yàrà pẹ̀lú akọ̀ròyìn kan," ni Okabe wí. "Mi ò bi ọ́ pé èwo ni. Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni àwọn yẹn ń tà jẹ. Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kí ló fẹ́ fi bọ́ ìyàwó?"

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n na Lékeléke fún ìgbà keje léra. Minobe ló ju bọ́ọ̀lù, kò sì sí èyí tó jù tí wọn ò gbá lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bí ayò ṣe parí, Mitsue fa Teruo lọ sẹ́yìn pátákó ńlá tí wọ́n ń kọ ayò sí, ó sọ ọ̀rọ̀ fọ́tò náà fún un.

"Màá lọ rí bàbá rẹ," ni Teruo wí. "Jẹ́ kí wọ́n borí lẹ́ẹ̀kan ná. Èèyàn kì í lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó ń bínú."

"Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ borí? Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ lánàá pé ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wo aago. "Mo ní láti lọ. Wọ́n á ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Mitsue di apá aṣọ rẹ̀ mú. "Dúró," ló wí. "Dúró díẹ̀ sí i." Kò sọ pé "ẹ dúró." Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Teruo sì dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé ìròyìn Teruo wà lórí tábìlì wọn. Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́ pé Kóòṣì Okabe ní àyà èkúté ló wà nínú Minobe, orúkọ Nagase Teruo sì wà lábẹ́ rẹ̀. Okabe kà á láti òkè délẹ̀. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sábẹ́ abọ́ ìrẹsì rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó wá wo Mitsue, ojú rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jẹun lọ.

Ohun tí Okabe sọ gan-an ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà nínú ìwé ìròyìn Tokuda, ní igun ìsàlẹ̀: "Apá ń dun ọmọ náà. Èmi ni mo fi í sílẹ̀ pẹ́ jù lórí pápá." Ṣùgbọ́n ta ló ń ka igun ìsàlẹ̀? Minobe sunkún lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní níbi tí Okabe bá wà, òun ò ní ju bọ́ọ̀lù mọ́. Okabe ní òun ò bá akọ̀ròyìn kankan sọ bẹ́ẹ̀. Minobe bi í bóyá kò sọ ọ́ rí níbikíbi. Okabe dákẹ́, nítorí kò mọ irọ́ pa. Ní ọjọ́ kẹwàá, àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ní kó máa lọ sinmi nílé.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Mitsue tún rí Teruo, létí yàrà kan náà. Kò tíì fá irùngbọ̀n láti ìjẹta.

"Tokuda ló fún mi lọ́rọ̀," ni Teruo wí. "Mo pẹ́ dé, mo bi í léèrè ohun tí bàbá rẹ wí, ó sì sọ fún mi."

"Tokuda ò jẹun nílé wa rí. Ọ̀rọ̀ ilé wa ló wà nínú ìwé yẹn, ẹnu mi ló sì ti jáde."

Teruo sún mọ́ ọn, Mitsue sì fà sẹ́yìn.

"Ẹ na ọwọ́ yín sí mi lọ́jọ́sí," ni Mitsue wí. "Mo rò pé òfìfo ni." "Ẹ" ló padà ń pè é. Ó yí padà, kò wẹ̀yìn títí ó fi délé, ibẹ̀ ló sì ti rántí pé òun ò dúró gbọ́ èsì.

Nílé ìwẹ̀ àwọn obìnrin ló ti gbọ́ ìyókù. Teruo lọ bá olóòtú rẹ̀ pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Olóòtú ní ìwé ìròyìn kì í kúnlẹ̀. Teruo ní òun á kúnlẹ̀ fúnra òun nígbà náà, òun á kọ ọ́ pé irọ́ ni òun kọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti gbé e lọ sí Tottori, létí òkun tó wà ní ìhà kejì ilẹ̀ náà, kó máa kọ nípa ọkọ̀ ẹja àti ojú ọjọ́.

Okabe kó ìdílé rẹ̀ padà sí abúlé tí wọ́n ti bí i lẹ́bàá odò Ibo, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣe núdù tín-ín-rín. Iṣẹ́ ìgbà òtútù ni. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, Mitsue á mú ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò, tí wọ́n ti lọ́ bí òwú, á fi igi méjì nà án títí yóò fi ga ju òun lọ, á wá gbé e síta kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ gbẹ. Ẹni tó bá rí i lókèèrè á rò pé àwọn ahunṣọ ló ta òwú sí gbogbo àgbàlá. Bàbá rẹ̀, tó ti kọ́ ọgọ́rùn-ún ọmọkùnrin bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù, ló ń po iyọ̀ mọ́ omi.

Bàbá ò bá a jà. Ìyẹn gan-an ló ń pa á lára. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ òjò, ó ń bá a sọ̀rọ̀ iyọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sì ti fẹ́ yà sí ọ̀nà pápá, á dìde kúrò níbẹ̀. Mitsue á múra láti jẹ́wọ́, ẹ̀rù á bà á, á ní ó di ọ̀la. Ọ̀la á dé, á tún di ọ̀la.

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni lẹ́tà máa ń wá láti Tottori, ní ọdún tuntun àti ní àárín ìgbà ooru. Orúkọ Okabe ló máa ń wà lórí rẹ̀. Teruo ò kọ ẹyọ kan sí Mitsue. Okabe kì í tú u. Á kọ ọ́ sẹ́yìn pé kí wọ́n dá a padà, á sì nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Gbé e lọ sí pósọ́fíìsì."

Ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni. Wákàtí kan ni Mitsue fi ń rìn ín. Á ki lẹ́tà náà bọ àyà, lábẹ́ aṣọ òtútù, títí bébà á fi gbóná. Bó bá dé orí afárá, á yọ ọ́, á wo bí ọwọ́ ìkọ̀wé náà ṣe tẹ̀ sí apá òsì, á fi ọwọ́ gbé e wò bóyá ó wúwo ju ti ìṣáájú. Nígbà mìíràn á béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé ṣé ọwọ́ olè ni òun ń ṣàárò báyìí. Á bínú sí Teruo, á bínú sí ara rẹ̀, àárò á sì bo ìbínú méjèèjì bí omi ṣe ń bo òkúta. Kò tú lẹ́tà kankan rí. Ó ti gbé nǹkan jáde nílé bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ ti dé, Arábìnrin Dá-a-Padà," ni obìnrin tó ń gba lẹ́tà á wí. "Ọkùnrin yìí kì í mà gbọ́ o."

"Kì í gbọ́," ni Mitsue á fèsì, inú rẹ̀ á sì dùn títí á fi délé.

Ọmọ oníṣẹ́ sóyà gbé ìyàwó. Olùkọ́ kan wá tọrọ rẹ̀, Mitsue kọ̀ ọ́. Ìyá rẹ̀ sọkún nítorí ìyẹn, ó ní ojú òun á fọ́ kí òun tó rí ọmọ-ọmọ. Lẹ́tà karùn-ún lọ, ó sì padà.

Ní oṣù kejì ọdún 1965, àlejò kan wọ àgbàlá, ó ń gba àárín àwọn núdù kọjá bí ẹni tó ń bọ̀ láàárín ọmọ tó ń sùn. Washio ni, rẹfirí tó fi ọgbọ̀n ọdún pe bọ́ọ̀lù ní rere tàbí búburú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì. Rẹfirí ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan ìyàwó rẹ̀.

Okabe jókòó tì í nídìí ààrò. Kò rẹ́rìn-ín. "Rẹfirí. Bọ́ọ̀lù tí mo jù ní Kobe lọ́dún 1949, ó dára."

"Ó yà síta."

"Ó dára."

"Okabe, ó yà síta nígbà yẹn, ó ṣì yà síta lónìí. Mi ò tìtorí rẹ̀ wá. Alárinà ni mo wá ṣe."

Mitsue, tó ń gbé tíì bọ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Fún ta ni?"

"Nagase Teruo."

"Jáde nílé mi."

"Màá jáde. Jẹ́ kí n sọ ohun tí etí mi gbọ́ ná. Lọ́jọ́ yẹn, mo ń bọ́jú nídìí ẹ̀rọ omi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. O ti sọ̀rọ̀ tán, o ti wọlé. Nagase wá dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó bi Tokuda pé kí lo wí. Tokuda wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, 'Ó ní ẹ̀rù ló ń ba Minobe.' Mo mọ̀ pé irọ́ ni, torí mo ti gbọ́ tìrẹ. Mo nu ojú mi, mo bá tèmi lọ."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?"

"Ohun tí mo bá rí lórí pápá nìkan ni wọ́n gbà mí fún. Ohun tí mo ń fi tan ara mi jẹ nìyẹn. Ní oṣù tó kọjá, mo lọ wẹ omi gbígbóná ní Tottori, mo bá ọmọ náà níbi tó ti ń ka ẹja sínú ìwé. Ó ti rù. Mo ní ṣé ó ti gbéyàwó, ó ní ẹni tí òun fẹ́ wà létí odò Ibo." Rẹfirí gba tíì lọ́wọ́ Mitsue. "Ó wà níta. Mo ní kó tẹ̀ lé mi."

Láti ẹnu ọ̀nà, Mitsue rí kóòtù kan láàárín àwọn núdù funfun, kóòtù tó gbó ní ìgbọ̀nwọ́ náà. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ká apá mọ́ra kó má bàa kan nǹkan kan.

Okabe wo ààrò títí. "Òtútù á pa á níbẹ̀," ló wí. "Ẹ pè é."

Teruo wọlé, ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan ẹní. Kò wo ọ̀dọ̀ Mitsue. "Ọ̀gá, Rẹfirí ti dá mi láre ju bó ṣe yẹ lọ," ló wí. "Ẹ̀rù ni Tokuda sọ. Kò mẹ́nu kan èkúté. Ọ̀rọ̀ tó fún mi gbẹ, mo rò pé ẹ̀yin ò ní sọ ọ́ gbígbẹ bẹ́ẹ̀, mo wá fi èkúté sí i. Egungun ni Tokuda fún mi, èmi ni mo lọ wá ẹran sí i. Ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́ ni mo fi sí yín lẹ́nu."

"Ta ló sọ fún ọ pé bí mo ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn?"

"Ẹ̀bi mi ni, Ọ̀gá."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ẹ̀bi. Mo ní ta ni."

Teruo ò gbórí sókè. Mitsue gbọ́ bí omi ṣe ń hó lórí ààrò. Ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Teruo.

"Èmi ni, Bàbá. Èmi ni mo sọ ọ́ fún un. Èmi náà ni mo dì í lápá aṣọ mú lọ́jọ́ yẹn tó fi pẹ́ dé."

"Ọdún méjì ààbọ̀ ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ," ni Okabe wí. Ohùn rẹ̀ ò le. "Ilé mi nìkan ni mo ti sọ ọ́. Ìyá rẹ kì í jáde. Mo mọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí?"

"Kí n wí kí ni? Èmi ni mo ní ẹnu tó sọ ọ́. Ọmọ yẹn wò mí lójú, ó bi mí, mi ò lè sẹ́. Tí mi ò bá fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ẹ̀fẹ̀ nídìí oúnjẹ, kí lẹ̀yin ì bá rí gbé jáde?"

"Èmi náà sì rẹ́rìn-ín sí i," ni ìyá Mitsue wí láti ilé ìdáná.

Rẹfirí ń wo inú ife rẹ̀. Okabe wá yíjú sí Teruo. "Ìwé rẹ dà? Akọ̀ròyìn kì í jáde láìmú ìwé. Mú un wá. Kọ ohun tí mo bá sọ."

Teruo mú un jáde.

"Kọ ọ́ pé Okabe ní òun ò fẹ́ràn akọ̀ròyìn, òun ò sì ní fẹ́ràn wọn láéláé. Ṣùgbọ́n ọmọ òun ti kọ onísóyà, ó ti kọ olùkọ́, ìrìn ogún ìṣẹ́jú sì ń gbà á ní wákàtí kan. Òun ò fẹ́ kó di arúgbó sójú ọ̀nà pósọ́fíìsì. Kí ẹni tó ń kọ lẹ́tà wá mú un ní oṣù kẹrin, nígbà tí iṣẹ́ núdù bá ti tán." Ó dúró. "Kà á fún mi."

Teruo kà á.

"O fo ibì kan."

"Ibo ni, Ọ̀gá?"

"Mo ní láéláé."

Teruo kọ ọ́ sí i.

Mitsue sìn ín lọ sí ibùdókọ̀. Rẹfirí ti ṣáájú, ó ń yára bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Àwọn méjèèjì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àlàfo tí ẹnì kẹta lè gbà kọjá sì wà láàárín wọn. Mitsue ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ yìí láti ọdún méjì ààbọ̀, nígbà tí ọjọ́ sì dé, kò rí ìkankan mú.

"Kí ló wà nínú àwọn lẹ́tà yẹn?" ló wá bi í.

"Mo ń tọrọ àforíjì. Mo ń sọ bí òkun ṣe rí. Níparí mo ń béèrè bóyá ara gbogbo ilé le."

"Gbogbo ilé?"

"Ìwọ ni. Ẹ̀rù ń bà mí láti kọ orúkọ rẹ."

Nígbà tí wọ́n dé orí afárá, Mitsue dúró. "Tí mo bá sọ nǹkan fún ọ báyìí, ibo ló máa dé?"

"Kò ní kọjá ibi tí o bá sọ ọ́ sí."

Ó rìn la àlàfo náà kọjá, ó gbé ẹnu sétí rẹ̀, ó sọ ọ́. Kò gùn. Teruo di ojú rẹ̀, kò sì là á títí bọ́ọ̀sì fi fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù kẹrin, wọ́n sì ń gbé ní Tottori di òní, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Àwọn ọmọ náà ti bi ìyá wọn léèrè ohun tó sọ lórí afárá lọ́jọ́ yẹn. Ìyá á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n lọ bi bàbá wọn. Bàbá á ní ó ti pẹ́, òun ò rántí mọ́. Nínú gbogbo ohun tó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún náà wá, irọ́ kan ṣoṣo tó pa nìyẹn.